"Gbogbo Wọn Ló Jọra": Kí Ló Dé Tí Ojú Àjèjì Fi Ń Rú Wa Lójú?

Bí ẹ bá dé ọjà Makola ní Accra, tí ẹ béèrè Ìyá Aláṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọn yóò mú yín dé ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń ta áńkárá níbẹ̀. Kò ní ìwé àwìn tí ó tó nǹkan, orí ni ó ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Oníbàárà kan lè yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó ra yáàdì mẹ́fà, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ó bá padà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Ìyá Aláṣọ yóò ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tí ẹ pọ̀n wá nígbà yẹn á ti máa lọ sílé ìwé báyìí?" Lójú mi ni ó ti wo ọmọdébìnrin kan tí kò rí rí, tí ó ní, "Ọmọ ọmọ ìyá elépo ìsàlẹ̀ ọ̀hún ni ìwọ yìí," ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀.

Obìnrin yìí kan náà ni ó na ìka sí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ọkùnrin náà fi sun àtìmọ́lé fún òru méjì.

Oníṣòwò ará Ṣáínà kan ni ó wá bá a ní ìsọ̀, ó ní òun ní ẹrù áńkárá olówó pọ́ọ́kú tí ó ń bọ̀ ní èbúté Tema. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wá. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n jọ dúnàá-dúrà, ó tilẹ̀ mu mínírà tí ìyá fi ṣe é lálejò. Ní ìgbà kẹta, ìyá san owó àsansílẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe lọ nìyẹn, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà tí ìyá ń gba Tudu kọjá, tí ó rí ará Ṣáínà kan tí ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó figbe ta. Èrò pé lé wọn lórí, ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Wọ́n bi ìyá pé, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?" Ó ní, "Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Òun ni." Wọ́n yíjú sí èmi tí mo tẹ̀ lé e lọ. Mo wà ní ìsọ̀ ní ìgbà kejì tí oníjìbìtì náà wá. Mo wo ọkùnrin tí wọ́n mú jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà dáadáa, mo sì mi orí pé òun ni.

Ní ọjọ́ kẹta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ wá. Òǹtẹ̀ inú rẹ̀ fi hàn pé kò sí ní Ghana rárá ní gbogbo oṣù tí wọ́n fi gba owó ìyá. Wọ́n tú u sílẹ̀. Bí a ti ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ má dààmú. Gbogbo wọn ló jọra." Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ó ń sọ ṣáá ni pé, "Ojú mi kò já mi kulẹ̀ rí."

Ẹ̀yin ará ilé wa, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni ó ti sọ gbólóhùn ọlọ́pàá yẹn rí, ní ilé, ní ọjà, ní ìdí fíìmù. Èmi náà ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn náà ń sọ ọ́ nípa tiwa. Ní oṣù kejì ọdún 2020, BBC ń fi ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn. Marsha de Cordova ni ó ń sọ̀rọ̀, orúkọ Dawn Butler ni wọ́n kọ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀. Obìnrin dúdú ni àwọn méjèèjì, ibi tí ìjọra wọn mọ nìyẹn. Ìwé ìròyìn Evening Standard gbé ìròyìn àṣìṣe náà jáde. Wọ́n fẹ́ lẹ àwòrán Marsha de Cordova mọ́ ọn, àwòrán tí ó jáde sì jẹ́ ti Bell Ribeiro-Addy, obìnrin aṣòfin dúdú kẹta, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Ghana níbí. Nínú ìròyìn tí ó ń sọ nípa àṣìmọ̀ ni wọ́n tún ti ṣi ènìyàn mọ̀.

Bí ará Ṣáínà bá jọra lójú wa, tí àwa náà sì jọra lójú òyìnbó, a jẹ́ pé kì í ṣe ojú ẹni tí a ń wò ni ìṣòro wà. Ojú ẹni tí ń wò ni.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo ń kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà iṣẹ́ mi ṣàlàyé rẹ̀. Ní ọdún kan mo ń kọ́ ọmọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ní Yorùbá ní Legon. Mo dé orí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Mo pe ọkọ tí obìnrin fẹ́, mo pe ọkọ́ tí a fi ń ro oko, mo pe ọkọ̀ tí a ń wọ̀, mo pe ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Ọmọ náà tẹ́tí títí, ó ní, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ pè lẹ́ẹ̀mẹrin." Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Báwo ni etí yóò ṣe wà lórí ènìyàn tí kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ̀?

Kò pẹ́ tí ó fi mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin méjì wá kí mi, òyìnbó ni àwọn méjèèjì. Odindi sáà ẹ̀kọ́ kan ni mo fi ń pe orúkọ ọ̀kan mọ́ èkejì. Bí wọ́n bá jọ dúró, mo mọ̀ wọ́n. Bí mo bá pàdé ọ̀kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà ibi ìkàwé, ọ̀rọ̀ di àbá. Ọjọ́ kan ni ọmọkùnrin náà fà mí sẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí, wọn kò jọra rárá. Ẹ̀yin ni ẹ kò gbọ́ ohùn wọn." Ó san án padà fún mi, n kò sì lè bínú, nítorí òótọ́ ni. Bí etí ṣe ní èdè abínibí, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ní in.

Ìgbà tí a wà lẹ́yìn ìyá ni a ti ń kọ́ méjèèjì. Ní ọdún 1984, Janet Werker àti Richard Tees ṣe ìwádìí kan ní Kánádà. Wọ́n mú àwọn ọmọ ọwọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nílé wọn, wọ́n fi ìró èdè Hindi dán wọn wò. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ gbọ́ ìyàtọ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ kò gbọ́. Nígbà tí ọmọ fi máa sún mọ́ ọdún kan, etí rẹ̀ ti di sí i. Ohun kan náà ni wọ́n rí nípa ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ní ọdún 2006: ọmọ onílé Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ ọ ní oṣù mẹ́fà, agbára yẹn ti dínkù ní oṣù mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ti ọmọ onílé Ṣáínà wà síbẹ̀. Ọpọlọ kì í gbé ẹrù tí kò wúlò. Ìyàtọ̀ tí kò bá jẹ́ nǹkan nínú ilé yín, yóò sọ ọ́ nù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ojú. David Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tiwọn jáde ní ọdún 2007. Wọ́n fi ojú àwọn adúláwọ̀, ti ará Ṣáínà, ti ará Ààrin Gbùngbùn Ìlà Oòrùn àti ti òyìnbó han àwọn ọmọ ọwọ́ òyìnbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ oṣù mẹ́ta mọ ojú kan yàtọ̀ sí èkejì nínú gbogbo ìran mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ó di oṣù mẹ́fà, ó ku ti òyìnbó àti ti Ṣáínà. Ní oṣù mẹ́sàn-án, ti òyìnbó nìkan ni ó kù. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé irú ìwádìí yìí lọ sí Ṣáínà, ibì kan náà ni ó já sí: ojú ará Ṣáínà ni ọmọ oṣù mẹ́sàn-án níbẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Kí ọmọ tó lè rìn, kí ó tó pe "bàbá" dáadáa, ojú rẹ̀ ti yan ìlú tí yóò máa gbé.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó ń yan ìlú náà, àwọn tí ń gbé ọmọ jó ni. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kan dán àwọn àgbàlagbà tí a bí ní Kòríà wò, àwọn tí ìdílé òyìnbó ní ilẹ̀ Faransé ti gbà tọ́ láti ìgbà tí wọ́n wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án. Ojú òyìnbó ni wọ́n ń dá mọ̀ dáadáa, ojú àwọn tí ó bí wọn ni ó ń rú wọn lójú. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ó tún fún mi ní ìrètí pẹ̀lú, nítorí ó túmọ̀ sí pé ojú lè kọ́ èdè kejì lẹ́yìn ìgbà ìkókó.

Ní ti àwa àgbàlagbà, láti ọdún 1969 tí Roy Malpass àti Jerome Kravitz ti fi àwòrán ojú dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú àti funfun wò ní Amẹ́ríkà ni ìwádìí ti ń tẹ̀ lé ara wọn. Christian Meissner àti John Brigham kó wọn jọ ní ọdún 2001, àwọn tí wọ́n dán wò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Agbára ènìyàn láti dá ojú ìran tirẹ̀ mọ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 1.4 ju ti ìran mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan Ìyá Aláṣọ ni ẹ̀kejì: ewu pé ènìyàn yóò wo ojú tí kò rí rí, kí ó ní "mo ti rí ẹni yìí," fi ìlọ́po 1.56 ga jù nígbà tí ojú náà bá jẹ́ ti ìran mìíràn. Ohun tí ó ṣe wá ní àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Kì í ṣe pé a gbàgbé. A rántí ohun tí a kò rí.

Ẹ bi mí pé kí ni ojú ń kọ́ gan-an nígbà tí ó bá ń kọ́ ìran tirẹ̀? Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá fi ń júwe ènìyàn: adúmáadán, apọ́nbéporẹ́, eléyinjú ẹgẹ́, eléjì, oníwájú gbọ̀ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò júwe ọmọ tí ó sọnù ní Bodija kí ó ní, "irun rẹ̀ dúdú, ẹyinjú rẹ̀ dúdú." Ta ni tirẹ̀ kò dúdú? Òyìnbó ní tirẹ̀, irun ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ṣé pupa ni, ṣé àwọ̀ wúrà ni, lẹ́yìn náà àwọ̀ ẹyinjú. Hadyn Ellis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Aberdeen rí èyí ní ọdún 1975, nígbà tí wọ́n ní kí òyìnbó àti adúláwọ̀ júwe ojú oríṣìíríṣìí. Òyìnbó ń sọ ti àwọ̀ irun àti ti ẹyinjú, adúláwọ̀ ń sọ ti bí ojú ṣe tóbi tó, ti ìpéǹpéjú, ti etí, ti àgbọ̀n. Kọ́kọ́rọ́ kálukú ń ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ìyá Aláṣọ gbé kọ́kọ́rọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbi ojú ará Ṣáínà, kò ṣí. Irun dúdú ni ó rí, àwọ̀ ara tí kò mọ bí yóò ṣe pín in sí dúdú tàbí pupa, ọjọ́ orí bí ogójì ọdún. Ó ti tán. Ẹgbẹ̀rún ọkùnrin ní Accra ni ó bá èyí mu.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fara balẹ̀ kà nìyí, nítorí ó kan ẹnu wa nílé. Lisa Scott àti Alexandra Monesson ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009. Wọ́n fún àwọn òbí ní ìwé àwòrán ojú ọ̀bọ kí wọ́n máa kà á fún ọmọ wọn láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án. Nínú ìwé àwọn kan, ọ̀bọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Nínú ti àwọn kejì, "ọ̀bọ" ni wọ́n pe gbogbo wọn. Àwọn kẹta rí àwòrán lásán láìsí orúkọ kankan. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan nìkan ni ó ṣì mọ ojú ọ̀bọ kan yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn yòókù rí àwòrán kan náà, iye ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ojú wọn ti pa dé.

Kò tó kí ojú máa rí ènìyàn nìkan. Orúkọ ni ó ń sọ fún ojú pé kí ó wo dáadáa. Àwa tí à ń kó ènìyàn jọ sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ṣé ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu?

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí à ń pe àwọn tí kì í ṣe tiwa. Ní Accra, ọmọdé rí òyìnbó, ó di "Obroni!" Ó rí ará Kòríà, ará Japan tàbí ará Ṣáínà, ó di "Ṣáínà!" Láàárín ọdún 2017 sí 2023, orúkọ Aisha Huang kò kúrò nínú ìròyìn Ghana, obìnrin ará Ṣáínà tí wọ́n mú lórí ọ̀rọ̀ ìwakùsà tí wọ́n ń pè ní galamsey, tí wọ́n lé padà sílé ní ọdún 2018, tí wọ́n tún mú ní Ghana ní ọdún 2022, tí ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin àbọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Ní àdúgbò wa, obìnrin ará Ṣáínà kan wà tí ń ta ìkòkò àti abọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ọmọ àdúgbò kò pè é ní nǹkan mìíràn ju "Aisha Huang" lọ. Ó fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ orúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ni, ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n sì so mọ́ ọn.

A ti jẹ nínú oúnjẹ yìí rí. Bàbá ìyá mi ṣòwò ní Kumasi kí wọ́n tó bí mi. Ilà gọ̀ǹbọ́ wà lójú rẹ̀. Alata ni àwọn Akan ń pe Yorùbá nígbà náà, títí di òní náà àwọn àgbàlagbà ṣì ń pè wá bẹ́ẹ̀. Bàbá máa ń sọ pé àwọn oníbàárà òun ń pe òun ní orúkọ Yorùbá mìíràn ní ọjà kan náà, ọkùnrin tí ó ga ju òun lọ, tí ó sì pupa, nítorí pé gọ̀ǹbọ́ wà lójú òun náà. "Bí wọ́n bá ti ka ilà tán, wọn kì í ka ojú mọ́." Ilà tí àwọn tirẹ̀ kọ sí i lójú kí a lè mọ ilé tí ó ti wá ni ó bo ojú náà mọ́ àjèjì lọ́wọ́. Akan àti Yorùbá, àwọ̀ kan náà ni wá, nítorí náà àwọ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé tàbí kí ó fi Ghana sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá di ẹrù rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìyá Aláṣọ yìí, tó padà wá.

Bí ó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni a ń ṣì pè, à bá fi ṣẹ̀rín. Ní oṣù keje ọdún 1984, ọkùnrin kan já wọ ilé Jennifer Thompson, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún méjìlélógún ní Burlington, North Carolina, ó sì fipá bá a lò. Òyìnbó ni Jennifer, dúdú ni ọkùnrin náà. Ọmọbìnrin yìí kò di ojú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ka ojú ọkùnrin náà sórí kí ó lè tọ́ka sí i lọ́jọ́ ẹjọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá gbé àwòrán kalẹ̀, ó mú Ronald Cotton. Nígbà tí wọ́n to àwọn ọkùnrin síwájú rẹ̀, ó tún mú Ronald Cotton. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbére. Ìgbà kan wà tí wọ́n mú Bobby Poole, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà gan-an, wá síwájú Jennifer ní ilé ẹjọ́. Ó ní òun kò rí ẹni yẹn rí. Ọdún 1995 ni àyẹ̀wò DNA tó fi òtítọ́ hàn, Ronald Cotton sì ti lo ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́wọ̀n. Òun àti Jennifer padà di ọ̀rẹ́, wọ́n jọ kọ ìwé ní ọdún 2009. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New Jersey pàṣẹ lórí ẹjọ́ tí ó jọ èyí, pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀rí ojú ẹni tí ó jẹ́ ìran mìíràn nìkan ni wọ́n gbára lé, adájọ́ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ń dá ẹjọ́ náà. N kò rò pé òfin irú èyí yóò pọ̀ jù ní Accra tàbí ní Ìbàdàn, níbi tí àlejò ti ń pọ̀ sí i.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ẹ̀rọ máa ṣe é fún wa. Ẹ̀rọ náà ní ìgbà ìkókó tirẹ̀. Joy Buolamwini, ọmọ tí òbí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ará Ghana, ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó rí i pé ẹ̀rọ tí ń wá ojú kò rí ojú òun. Ó gbé ìbòjú funfun wọ̀, ẹ̀rọ rí i. Òun àti Timnit Gebru tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2018 lórí ẹ̀rọ tí ń sọ bóyá ojú jẹ́ ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ fífúyẹ́, àṣìṣe ẹ̀rọ tí ó burú jù kò ju ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7. Ní ọdún 2019, àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń ṣi ojú ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àti ti Ìlà Oòrùn Éṣíà mọ̀ ju ti òyìnbó lọ, àfi àwọn kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí kì í sábà ṣi ojú ará Éṣíà mọ̀. Ojú tí wọ́n fi han ẹ̀rọ nígbà tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni ó mọ̀, bíi ti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi láti London pé olùkọ́ ọmọ òun ń pe ọmọ òun ní orúkọ ọmọ dúdú kejì tí ó wà ní kíláàsì, ó ní ṣé kí òun bínú. Ẹ lè bínú díẹ̀. Pé ọpọlọ ni ó ń ṣe é kò sọ ọ́ di àwáwí. Èmi kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi máa pe ọkọ ní ọkọ̀ títí lọ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó mu lọ́mú. Ó tiraka, ó sì gbọ́ ọ níkẹyìn. Olùkọ́ tí ọmọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, tí kò tíì mọ̀ ọ́n ní oṣù kìíní, kò tíì wò ó. Ẹ lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sọ orúkọ ọmọ yín fún un, kí ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ lójú hàn án.

Nílé wa, àbúrò mi tí ó kéré jù ni mo ń wò. Nígbà tí èmi ń dàgbà, fíìmù Ṣáínà tí a ń wò kò ju ti ìjà lọ, n kì í sì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ àfi nípa àwọ̀ ẹ̀wù. Àbúrò mi dàgbà nídìí eré Kòríà. Ó mọ àwọn ọmọkùnrin méjèèje inú ẹgbẹ́ BTS lórúkọ, ó mọ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn, ó mọ̀ wọ́n bí wọ́n tilẹ̀ kun irun wọn ní àwọ̀ mìíràn. Mo bi í pé kí ni ó ń wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bí ìpéǹpéjú ṣe tẹ̀, kí ẹ wo etí, kí ẹ wo ibi tí ètè òkè ti bẹ̀rẹ̀." Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo mọ márùn-ún báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́ nílé, ìwádìí kan wà ní ọdún 2011, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ọwọ́ òyìnbó ní ìwé àwòrán ojú ará Ṣáínà láti oṣù mẹ́fà dé mẹ́sàn-án. Àròpọ̀ àkókò tí wọ́n fi wo ìwé náà kò ju wákàtí kan lọ púpọ̀, ojú wọn kò sì pa dé. Ìwé àwòrán kì í wọ́n. Bí ẹ bá ń kà á, kí olúkúlùkù ojú inú rẹ̀ ní orúkọ.

Bí ó bá sì di ọjọ́ tí ọlọ́pàá bi yín pé "ṣé òun ni?", ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ohun tí ẹ rántí nípa ojú náà kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni jáde: etí, eyín, àpá, ìrìn, ohùn. Bí kò bá ju "ará Ṣáínà ni" tàbí "òyìnbó ni" lọ, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀. N kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tèmi.

Ní oṣù tó kọjá, mo wà ní ìsọ̀ pẹ̀lú Ìyá Aláṣọ nígbà tí ọkùnrin ará Ṣáínà kan yà. Ó kí wa ní Twi, ó ra yáàdì mẹ́fà fún ìyàwó rẹ̀, kò sì ná ọjà púpọ̀. Ó bi ìyá pé ṣé ara le, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ó ti mọ̀ wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó gba ṣéńjì rẹ̀ tán tí ó lọ, ìyá yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé òun ni, àbí òun kọ́?"

Mo ti wo etí rẹ̀, mo ti wo ìpéǹpéjú rẹ̀, mo ti wo ètè òkè. N kò mọ̀. Ìyá dìde, ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ké pe ọkùnrin náà padà kí ó lè béèrè orúkọ rẹ̀.